Ta Ló Ni Fáìlì Inú Fíláàṣì?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ sábà máa ń bi mí pé kí ló dé tí chmod kì í ṣiṣẹ́ lórí fíláàṣì. Ìtàn ló fà á.

Lọ́dún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹ̀rọ kan lò, torí náà fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín. Àmọ́ FAT, tí Microsoft ṣe lọ́dún 1977, ẹ̀rọ ẹnìkan ló wà fún; kò láyè fún orúkọ ẹni tó ni fáìlì. Òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ fíláàṣì.

Uid àti umask tí a bá fún mount ni Linux fi ń yá a ní àṣẹ. Ẹ tì í bọ ẹ̀rọ mìíràn, àṣẹ yẹn ti tán. Ext4 pàápàá, nọ́ńbà ló ń kọ: 1000 tèmi lè jẹ́ 1000 ẹlòmíì lọ́ọ̀hún.

Bí ìbéèrè ìdánwò bá wà nínú fíláàṣì yín, ẹ má gbọ́kàn lé chmod o. Ẹ fi LUKS tì í pa.