Lílé Ẹyẹ, Láti Oko Ìrẹsì Ọ̀fàdà dé Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹ̀gà ni olè tó ń yọ àgbẹ̀ onírẹsì lẹ́nu jù ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Orí ọ̀pẹ ló ń so ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ará abúlé gbọ́ra. Ọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń wọ oko, àkókò tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni ìgbà tí ọmọ ìrẹsì kò tíì gbó, tó ṣì ń ṣe omi funfun bíi wàrà. Wọn á fún un mu, èèpo òfìfo ló máa kù lórí igi.

Kí ìrẹsì tó dé, ìṣọ́ ẹyẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Àparò máa ń hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ṣùgbọ́n tí àgbàdo bá ti yọmọ, aṣọ wà lára rẹ̀. Ìhòòhò ni ìrẹsì ń dúró. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kò tíì parí tí ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tí òjò nìkan ń bomi rin, ti wọ agbègbè igbó ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọ̀fàdà, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé.

Ọmọdé ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ oko tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọmọ á ti wà lórí pẹpẹ, nítorí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ebi ń pa ẹyẹ jù. Kànnàkànnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkò wà nílẹ̀. Wọ́n ń ta okùn yí oko ká, wọ́n á so agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọmọ bá fa okùn níbi tó jókòó sí, gbogbo oko á dún. Wọ́n tún ń ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù àkísà kó lè jọ ènìyàn. Ọgbọ́n yẹn kì í pẹ́ tán. Ẹyẹ tó sá fún ère náà lónìí lè bà lé e lórí kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àfi kí àgbẹ̀ máa gbé e kiri.

Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà lórí pẹpẹ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, àkókò tí agogo ilé ẹ̀kọ́ ń lù kò sì jìnnà sí àkókò tí ẹ̀gà ń jẹun. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìyá àti alágbàṣe, ìbọn ṣakabùlà tí a kì ní ẹ̀tù lásán, àwọ̀n fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, àti téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì tí ń kọ mànà, tí ń hun nínú atẹ́gùn.

Ẹyẹ pápá ọkọ̀ òfurufú kì í jalè ní tirẹ̀. Ó kàn wà lójú ọ̀nà ni. Ìkejà, níbi tí pápá Èkó wà, wà lábẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará Abẹ́òkúta ti ń wọ bàálù. Bí wọ́n bá gé koríko pápá bẹ́ẹ̀, tata á fara hàn, lékeléke á sì tẹ̀ lé e. Àwòdì ń bẹ lókè níbi tí ààtàn bá wà nítòsí. Ìjàmbá irú èyí ti pẹ́ láyé: orí oko àgbàdo kan ní Ohio ni Orville Wright wà ní 1905 nígbà tí bàálù rẹ̀ pa ẹyẹ kan. Ní 1960, ọ̀wọ́ ẹyẹ starling wọ ẹ́ńjìnì bàálù kan ní Boston, ènìyàn 62 kú. Ní Bahir Dar, ní Ethiopia, ẹyẹlé igbó ló fa ikú ènìyàn 35 ní 1988.

Ìró ni àwọn òṣìṣẹ́ pápá kọ́kọ́ gbójú lé: ìbọn, ariwo, fèrè, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ orí pẹpẹ. Iná lésà dé lẹ́yìn náà. Ìtànṣán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń lò báyìí. Ẹyẹ ń rí i bí ohun tó ń bọ̀ wá bá a, á sì gbéra. Kò dún, kò pa ẹyẹ. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí oòrùn ọ̀sán ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń lò ó gbọ́dọ̀ rí i pé ìtànṣán náà kò gòkè, kó má bàa bọ́ sójú awakọ̀ òfurufú.

Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé àyẹ̀wò wọn jáde ní 2002 rí i pé ẹyẹ kò gba iná yìí bákan náà. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ńlá ti Kánádà sá, ó sì ń sá bọ̀. Ẹyẹlé sá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì mọ́ ọn lára. Starling, ẹyẹ Boston yẹn gan-an, kò tilẹ̀ kà á sí.

Nítorí náà ni àwọn pápá fi ń so lésà pọ̀ mọ́ ìró, tí wọ́n sì ń dí ibi tí omi ti ń dúró, tí wọ́n ń lé ààtàn jìnnà, tí wọ́n sì ń ṣọ́ bí koríko ṣe ga tó. Àgbẹ̀ Ọ̀fàdà náà ní irú rẹ̀. Bí gbogbo agbègbè bá gbìn lásìkò kan náà, oko á pọ̀ jù fún ẹ̀gà láti jẹ tán. Ẹni tó pẹ́ gbìn, tí ìrẹsì tirẹ̀ nìkan ló kù lórí ìdúró, òun ni gbogbo ọ̀wọ́ náà máa ń wá bá.