Ìjálá àti Ẹkún Ìyàwó ní Òkè-Ògùn

Ìjálá àti ẹkún ìyàwó wà lára àwọn ewì alohùn tí a mọ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ mọ́. Àwọn ọdẹ àti àwọn olùsìn Ògún ló ni ìjálá. Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ ló ni ẹkún ìyàwó, tí àwọn ìlú mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó. Ní Òkè-Ògùn, agbègbè ilẹ̀ ọ̀dàn tó pín sí ìjọba ìbílẹ̀ 10 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì, ewì méjèèjì ti jọ wà pẹ́. Àyọkà yìí fi wọ́n wéra: ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́, ohùn tí a fi ń sun wọ́n, àti ọnà èdè inú wọn.

Inú àpò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mú ọ̀rọ̀, oríkì orílẹ̀ sì ni àpò ọ̀hún. Ọmọ Oníkòyí yóò gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu oníjàálá, yóò sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Oríkì ogun ni oríkì Oníkòyí. Ó ń yin àwọn tí kì í sá fún ọfà. Bí ọdẹ bá fi ohùn ìjálá gbé e, ara ọkùnrin á yá gágá, á fẹ́ dìde. Bí ìyàwó bá fi ẹkún gbé ọ̀rọ̀ kan náà, omi ló ń bọ́ lójú àwọn àgbà, nítorí ilé akọni yìí gan-an ni ọmọ náà fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ẹni tó ń sọ ọ́ àti ọjọ́ tó ń sọ ọ́ ló yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí tẹnu mọ́ ohun tó jọ èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní 1984: ó ya àwọn ewì tí a ń dá mọ̀ nípa ohun tó wà nínú wọn, bí oríkì àti ẹsẹ Ifá, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a ń dá mọ̀ nípa ohùn, bí ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé nìkan tí kò gbọ́ ohùn lè ka méjèèjì sí ohun kan náà.

Ojú agbo ni ìjálá ti ń dùn: níbi ọdún Ògún, níbi ìṣípà ọdẹ tó kú, níbi tí ẹmu wà. Ìgboyà àti ìfigagbága ló gba ibẹ̀ kan. Bí oníjàálá kan bá ṣi oríkì sọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè já lu ohùn rẹ̀ kó ní irọ́ ni, ẹni tí wọ́n já lù náà á sì dáhùn pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Àmọ́ ìhàlẹ̀ nìkan kọ́. Ibi tí ìjálá ti wú mi lórí jù ni oríkì ẹranko. Ọdẹ tó ń lépa ẹfọ̀n, ìgalà tàbí ẹtù ti wo ẹranko náà pẹ́ kó tó yin ín: ó mọ ìrìn rẹ̀, ó mọ ìwo rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń yí ọrùn padà bí igi bá dá. Ó ń bẹ̀rù rẹ̀, ó ń fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń fi ṣe ẹlẹ́yà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹranko inú oríkì wọ̀nyẹn ti dín kù gan-an nínú oko. Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, tó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, ló kù tí a ti lè rí díẹ̀ nínú wọn lápá àríwá agbègbè yìí.

Ẹkún ìyàwó kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́nu ìyá àti ẹ̀gbọ́n ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ, ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ nìkan ló sì máa ń lò ó. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti agboolé dé agboolé, á kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ìyá àti àwọn àgbà, á yìn wọ́n, á dúpẹ́ ìtọ́jú, á sì tọrọ ìre. Ìbànújẹ́ àti ayọ̀ kì í ya ara wọn níbẹ̀. Ó ń yangàn pé òun wọ aṣọ tó dára, òun kò sì dójú ti ẹni tó bí òun. Síbẹ̀ ẹ̀rù ìyá ọkọ, ìyálé àti orogún ń bà á, ẹ̀rù àgàn sì ń bà á pẹ̀lú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fà, ó sì ń já lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyàwó mìíràn a máa fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tó ti kẹ́gàn wọn rí, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó fi orin gbè wọ́n.

Ọnà èdè kan náà ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nínú wọn. Àwítúnwí nínú ìjálá ń fi agbára kún ọ̀rọ̀, ó sì ń fún oníjàálá láyè láti rántí ohun tó kàn. Nínú ẹkún ìyàwó, pípè ni ọmọ ń pe ìyá rẹ̀ léraléra, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kúrò lójú kan. Ìbéèrè pèsìjẹ lẹ́nu ọdẹ jẹ́ ìpèníjà: ta ló tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́nu ìyàwó, ìbéèrè kò ní ìdáhùn nítorí pé kò sí ẹni tó lè mọ bí ilé tó ń lọ yóò ṣe rí. Àsọrégèé àti ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró gbé ìtumọ̀ yọ pọ̀ jù nínú ìjálá. Ti ìyàwó, àfiwé rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí ilé.

Ìjálá ti rí alátìlẹ́yìn. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí rẹ̀ jáde ní 1966, ti Bádé Àjùwọ̀n lórí orin ìdárò àwọn ọdẹ sì jáde ní 1982. Ògúndáre Fọ́yánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àlàbí Ògúndépò gbé ìjálá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, rédíò sì gbé e dé ibi tí kò sí ọdẹ. Ẹkún ìyàwó kò rí irú èyí, mo sì gbà pé ohun tí a pàdánù níbẹ̀ kò kéré. Ìgbéyàwó ti bọ́ sí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti kóòtù. Níbi ìdána òde òní, alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó á jó wọlé, á kúnlẹ̀ gba àdúrà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sábà là. Bí àwọn ẹgbẹ́ àṣà ilé ìwé bá sun ún, ọ̀rọ̀ á pé, ṣùgbọ́n eré ni, ọmọ náà kò lọ sí ibì kankan.

Bí ẹ bá ní ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Òkèhò tàbí ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn tó sun ẹkún nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè oríkì ìdílé tó lò, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.