Ẹṣin TBS Kò Bímọ

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ BRT ní Mile 12 tàbí Kétu, tó sì sọ̀kalẹ̀ ní TBS, yóò rí ère ẹṣin funfun mẹ́rin lókè ẹnu ọ̀nà pápá náà. Kí wọ́n tó kọ́ Tafawa Balewa Square ní 1972, pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀. Race Course ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ náà la sì ti gba òmìnira ní 1960.

Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó ẹṣin wá sáré l'Ékòó. Wọ́n sáré, wọ́n kú, wọ́n tún ra òmíràn.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1704, wọ́n ra akọ ẹṣin kan wá láti Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, Darley Arabian. Ní 1764, a bí Eclipse sínú ìran rẹ̀, lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn. Eclipse sáré nígbà 18 láàrin 1769 sí 1770, kò sì sí ẹṣin tó borí rẹ̀. Ọdún méjì péré ni eré náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mú abo ẹṣin wá bá a, olówó rẹ̀ sì ń gbowó. Ó kú ní 1789, ṣùgbọ́n òun ni baba ńlá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹṣin Thoroughbred tó ń sáré lágbàáyé lónìí. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá kú, a fi ìrù sáyé.

Kí ló dé tí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Eṣinṣin tsetse inú igbó wa ló ń kó àrùn ran ẹṣin. Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá, tó fi ẹlẹ́ṣin jagun, ọwọ́ Núpé àti Haúsá ló ti ń ra ẹṣin, ẹrú láti òkè Ọya ló sì ń tọ́jú wọn. Nígbà tí Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ọ̀pọ̀ irú ẹrú bẹ́ẹ̀ sá lọ bá a ní Ìlọrin ní nǹkan bí 1817. Agbára tí a ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í pẹ́ yẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ríra kò burú, Gẹ̀ẹ́sì náà rà. Àmọ́ wọ́n mú èyí tí wọ́n rà bímọ. Ní 2021, nígbà tí àwọn oníṣòwò kọ̀ láti kó oúnjẹ wá láti òkè Ọya fún ọjọ́ díẹ̀, Mile 12 mọ̀ ọ́n lára. Eṣinṣin ló dí wa lọ́wọ́ nípa ẹṣin. Kí ló dí wa lọ́wọ́ nípa tòmátò?