Ìtọ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà

Gbogbo wa la máa ń sọ pé "ẹ tètè lọ yẹ ara wò." Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn neuroblastoma fún yín ná.

Jẹjẹrẹ ọmọdé ni, kò sì wọ́pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di iṣan ìmọ̀lára nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún ló ń yí padà di kókó. Ibi tó sábà máa ń jókòó sí ni ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín. Virchow ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Jámánì ní 1864, àmọ́ James Homer Wright, dókítà kan ní Boston, ló fún un lórúkọ ní 1910.

Ní 1957, àwọn dókítà rí i pé kókó yìí máa ń da kẹ́míkà sínú ìtọ̀ ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti dùn.

Láàrin àwọn ọdún 1970, Sawada àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà wò. Ìyá á fi bébà gba ìtọ̀ nílé, á fi ránṣẹ́, ó parí. Ní 1985, ó ti kárí Japan. Wọ́n ń rí kókó, wọ́n ń gé e, ọmọ ń yè. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́?

Àmọ́ D'Angio, Evans àti Koop ti kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà láti 1971 pé àwọn ìkókó kan wà tí kókó wọn tàn dé ẹ̀dọ̀ àti awọ ara, tó sì pòórá fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣé kì í ṣe irú èyí ni àyẹ̀wò ìtọ̀ ń kó jọ?

Quebec àti Jámánì dán an wò: wọ́n yẹ àwọn ọmọ kan wò, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọn ò yẹ̀ wò. Èsì jáde ní 2002. Kókó tí wọ́n rí pọ̀ sí i, ikú ò dín kù. Irú tó ń pa ọmọ, ẹ̀yìn àyẹ̀wò ló sábà ń yọjú. Ìyẹn ni pé wọ́n ti la inú àwọn ọmọ kan, wọ́n ti fún wọn ní oògùn líle, nítorí ohun tí ì bá lọ fúnra rẹ̀. Ní 2003, Japan pinnu pé àwọn ò ṣe é mọ́. Lójú tèmi, ìgboyà nìyẹn o, lẹ́yìn gbogbo ìyìn yẹn.

Lónìí, tí ìkókó bá ní kókó kékeré lórí kíndìnrín, dókítà lè kàn máa fi skáànù ṣọ́ ọ, láìfi abẹ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá yàtọ̀ pátápátá o. Tí ikùn ọmọ bá ń le tó ń wú, tí abẹ́ ojú ẹ̀ dúdú bíi pé wọ́n lù ú, tí egungun ń dùn ún tí kò fẹ́ rìn mọ́, ilé ìwòsàn ni tààrà.