Láti orí WNTV dé Ọpọ́n Ìmọ̀: Bí ẹ̀kọ́ ṣe jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwé

Lọ́dún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ rọ́ wá, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò kárí.

Èyí wà lára ìdí tí ìjọba náà fi dá iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Yàtọ̀ sí ìròyìn àti eré, ó ní ètò ẹ̀kọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo lè máa sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, kí ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjọba kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn tì í pa

Lọ́dún 1983, ìjọba Shehu Shagari dá National Open University sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti ìyá ọlọ́mọ lè kàwé láì kúrò nílé. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹrin, ọdún 1984, ìjọba ológun dá a dúró. Ọdún 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí i dìde. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí wọ́n tì í ti pé ọdún 35.

Ẹ̀kọ́ wọnú fóònù

Ní South Africa, àwọn onímọ̀ ní CSIR, Pretoria, bẹ̀rẹ̀ Dr Math lọ́dún 2007. Ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ èrò ní Fourways, Johannesburg, lè fi Mxit béèrè ìṣirò tó ta kókó, kí akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ là á yé e. Àmọ́ lọ́dún 2015, Mxit kógbá wọlé.

Lọ́dún 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ọ̀ṣun fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB tó ti kọjá wà nínú rẹ̀. Ọmọ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa lọ́dún 2020, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba Èkó tún sáré padà sí.

Ẹ̀rọ kì í ṣọ̀wọ́n mọ́. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìjọba tí yóò tọ́jú èyí tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.