Ẹ Má Tíì Dìde, Ó Ku Ìbéèrè

Gbogbo wa la mọ ìṣe ara wa. Tí wọ́n bá lẹ ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ògiri ní ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Èkó, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá 'item 7' máa wà. Àlejò á sọ̀rọ̀ tán, a ó pàtẹ́wọ́. Kí olóòtú tó ní "ó ku ìbéèrè", a ti ń wá ọ̀nà Yábàá lọ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹ̀ka yìí fi hàn wá pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn gan-an la ń sá fún.

Ọdún 1962 ni wọ́n dá yunifásítì wa sílẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí àwọn onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Áfíríkà sùn: ṣé àwọn baba ńlá wa tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ ní fìlọ́sọ́fì? Ní 1976, Paulin Hountondji, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé. Ó ní èrò tí gbogbo ìlú jọ gbà láìjiyàn kì í ṣe fìlọ́sọ́fì. Èyí tí ẹnì kan rò fúnra rẹ̀, tó kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò kó sì takò, ìyẹn ni fìlọ́sọ́fì. Ní Ìbàdàn, Peter Bodunrin náà ní àfi kí a fi àríwísí kún un.

Èkó kò dákẹ́. Olùkọ́ méjì ní Akoka, Campbell Momoh àti Sophie Olúwọlé, dìde láti fèsì. Momoh kó àròkọ oríṣiríṣi onímọ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1989. Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, gba oyè àkọ́kọ́ ní Akoka níbí kó tó lọ gba oyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1984. Ó mú ẹsẹ Ifá, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá ẹ̀rí àti àlàyé nínú rẹ̀. Nínú ìwé tó fi Socrates wé Ọ̀rúnmìlà, ó rán wa létí pé kò sí èyí tó fi ìwé sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí àìkọ̀wé kò bá gba ipò Socrates lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tó fi máa gba ti Ọ̀rúnmìlà? Títí Olúwọlé fi papò dà ní 2018, kò yé sọ ọ́ ní gbangba.

Àwọn ará Ifẹ̀ náà dá sí i. Ní 1986, J. O. Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá. Àwọn àgbà náà ní ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí ló mọ̀; ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ ni, àfi tó bá dán an wò.

Ẹ fi ìyẹn wo ara wa. Ohun tí àlejò bá sọ fún wa, ìgbàgbọ́ lásán ni títí a ó fi bi í ní ìbéèrè. Lóòótọ́, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 'inaugural' tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń ṣe, àṣà ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n ti àlejò yàtọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Hountondji náà kò ní kí a má gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ 'inaugural' sí ìwé pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò, lọ́pọ̀ ìgbà, àtẹ́wọ́ ló ń gbé e lọ. Ta ló máa wá takò ó lọ́dún mẹ́wàá sí i? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá fún wa láyè, ká kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀, ká sì béèrè ní Yorùbá tí ọ̀rọ̀ bá kan Yorùbá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

'Item 7' ò ní sá lọ. Ẹ jókòó.