Ẹ̀dà Kejì: Ìtàn Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ ní Mafoluku, láti Ayé Kábọ̀ǹ dé Ayé NAS

Mafoluku wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó fara ti ojú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, kò sì jìnnà sí ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní ọdún 1896, láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Ojú irin wà lára ohun tó sọ Oṣòdì di ibùdó èrò àti ẹrù, ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú ni ó sọ Mafoluku di àdúgbò ìwé, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé àwọn arìnrìn-àjò òkè òkun níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1979 ni iṣẹ́ àwọn ajẹ́ńtì tí ń bá oníbàárà gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ti ń gbèrú ní àyíká náà, ẹrù kan kì í sì í jáde láìsí ọ̀wọ́ ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn kéékèèké, ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kún un, a ó rí i pé àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú yàrá kéékèèké ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò kéré rárá, olórúkọ rẹ̀ kò sì ní lè rí òmíràn ṣe bí ó bá sọnù.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní backup ni a ó pè ní ẹ̀dà ìpamọ́ níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀dà kejì tí a dìídì ṣe, tí a sì gbé sí ibòmíràn, kí ó lè dípò ti àkọ́kọ́ nígbà tí ibi bá ṣẹlẹ̀ sí i. Àṣà yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nípa rẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ti ìwé The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897, tí a sì fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíyìnrere, tí wọ́n sì sọ ọ́ nù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé jọ, tí ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún fi èyí ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi Appam ni ó gbé e, ní oṣù kìíní ọdún 1916 sì ni ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, tí wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, ọdún kan lẹ́yìn ikú Obadiah. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ìwé ìkékúrú tó wà nílé, tí kò sí ẹni tó kà wọ́n sí nǹkan kan nígbà tí ẹ̀dà tó mọ́ ń rìnrìn àjò, ni àwa òǹkàwé òní jẹ ní gbèsè.

Láàárín àwọn oníṣòwò àti ọ́fíìsì kéékèèké, bébà kábọ̀ǹ ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́. Kábọ̀ǹ jẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi tádà dúdú tàbí aláwọ̀ aró pa lójú kan. A ó tẹ́ ẹ sáàárín ewé rìsíìtì méjì, a ó sì fi báírò tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn gidigidi kí ó lè wọ ewé ìsàlẹ̀. Ewé òkè ni oníbàárà ń mú lọ, ìkejì a wà nínú ìwé rìsíìtì, bí ìkẹta bá sì wà, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó. Ẹni tó bá ti tú irú ìwé rìsíìtì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wò mọ̀ pé ewé kẹta a máa rí hàntúhàntú, tó fi jẹ́ pé 3 àti 8 a jọ ara wọn, tí ojú akọ̀wé a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì kó tó mọ iye tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ètò náà ní ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò ní: kíákíá tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán ni àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ti pínyà, tí wọ́n sì lọ sí ọwọ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn onífọ́tò náà ní tiwọn, ìyẹn ni négátíìfù tí wọ́n ń kó sínú àpòòwé tí a kọ ọjọ́ sí lára, èyí tí ó mú kí ìdílé tó sọ fọ́tò ìgbéyàwó nù lè padà wá tún un fọ̀.

Èkó kò ṣàìfi ojú àwọn ènìyàn rí ewu tó wà nínú kíkó gbogbo ìwé sí ojú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ni iná jó ilé gogoro NET ní Marina, tí í ṣe olú ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sí òkè òkun nígbà náà. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, nígbà rúkèrúdò tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, ni wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣéré, tí fáìlì ẹjọ́ tó pọ̀ sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ Mafoluku jù lọ ni ti ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè ológun ní Ìkẹjà, tí àwọn ará àdúgbò káàkiri sá jáde lálẹ́ láìmú ohunkóhun dání, tí ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún sì kú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sínú omi ní Òkè-Àfà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ yìí kan náà. Kò sí ìwé tí a lè fi wé ẹ̀mí ènìyàn, ó sì yẹ kí a sọ èyí kedere. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn fi hàn pé ẹni tó ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í ní àyè láti dúró ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, dísíkẹ́ẹ̀tì ni ó gba ipò kábọ̀ǹ. Irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ, ìyẹn lẹ́tà àti ìwé ẹ̀rí tó pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún fọ́tò òde òní kan ṣoṣo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fláàṣì dé, lẹ́yìn fláàṣì ni hádì dísìkì tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, tó dìde ní ojú pópó Otigba àti àwọn òpópónà tó yí i ká ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990, ni ó mú kí irú ohun wọ̀nyí sún mọ́ ará Mafoluku, pàápàá jù lọ àwọn tòkunbọ̀, ìyẹn ẹrù àlòkù láti òkè òkun. Àléébù fláàṣì àti dísìkì àtagbérìn ni pé wọn kì í ṣiṣẹ́ fúnra wọn: ẹnìkan gbọ́dọ̀ rántí, kí ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó da fáìlì kọ, kí ó sì yọ wọ́n. Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà, iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ tó fi ń di àgbàgbé.

Àlàfo yìí ni NAS wá dí. NAS jẹ́ àpótí kékeré kan tí hádì dísìkì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀, tí ó ní ọpọlọ tirẹ̀, tí a sì fi wáyà so mọ́ ráútà, kí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé tàbí ọ́fíìsì lè máa kó ẹ̀dà fáìlì wọn sí i ní wákàtí tí a bá yàn. Ìpìlẹ̀ èrò náà ti pẹ́. Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé NFS jáde, ètò tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fáìlì tó wà lórí òmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ní ọdún 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley sì gbé ìwé wọn jáde lórí RAID, ọgbọ́n tí a fi ń so dísìkì olówó pọ́ọ́kú pọ̀ kí ọ̀kan lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Synology àti QNAP, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti Taiwan, sọ ohun tí báńkì àti yunifásítì ń lò di ohun tí a lè gbé sórí tábìlì.

Yíyan irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní Mafoluku kò lè rí bákan náà pẹ̀lú yíyan rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, iná mànàmáná sì ni ìdí àkọ́kọ́. Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní ọdún 1972, orúkọ rẹ̀ di PHCN ní ọdún 2005, Ikeja Electric sì ni ó ń pín iná fún agbègbè Oṣòdì láti ìgbà tí ìjọba ti ta iṣẹ́ náà fún aládàáni ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n NEPA náà ni orúkọ tí àwọn ọmọdé ṣì ń fi ké «Up NEPA!» bí iná bá dé. Àkókò igbe ayọ̀ yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa wọlé pẹ̀lú agbára tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lílọ iná náà ní ewu tirẹ̀: nínú dísìkì, àwo ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ tó ń kọ̀wé sórí rẹ̀ sì ń rá bàbà lókè rẹ̀ láìfara kàn án, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú mẹ́mórì, tí kò tíì délẹ̀ sórí àwo. Bí iná bá lọ lójijì, ọ̀rọ̀ yẹn di àwátì, ó sì lè ba àtẹ tí a fi ń wá àwọn fáìlì yòókù jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bí àpótí náà ṣe yára tó, bí kò ṣe bóyá ó gbọ́ èdè UPS, ìyẹn bátìrì tó ń dúró fún iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àpótí tó bá gbọ́ ọ ni a ó fi wáyà USB so mọ́ UPS; bí iná bá lọ, tí bátìrì sì ń tán lọ, UPS a sọ fún un, àpótí náà a kó gbogbo ohun tó kù nínú mẹ́mórì sílẹ̀ sórí dísìkì, a sì pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ láìsí ènìyàn nítòsí. Àpótí oní-dísìkì-méjì kì í jẹ iná púpọ̀, inverter kékeré lè gbé e pẹ̀lú ráútà ní gbogbo òru, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí ó fi sàn fún ọ́fíìsì kékeré ju kọ̀ǹpútà ńlá àlòkù tí a sọ di ilé ìpamọ́ lọ.

Ní ti dísìkì fúnra wọn, méjì ti tó fún ilé kan. Bí a bá fi tẹ́rábáìtì 4 méjì sínú àpótí ní ìlànà RAID 1, tí ìkan ń ṣe àwòjìji èkejì, tẹ́rábáìtì 4 péré ni àyè tí a ó rí lò. Mẹ́rin ní ìlànà RAID 5 yóò fúnni ní 12, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ ní kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú òun, kí a sì ṣí àkọsílẹ̀ SMART rẹ̀, níbi tí dísìkì ti ń ka iye wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì wákàtí ju ọdún mẹ́rin ààbọ̀ lọ láìsinmi, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó. Owó tí a bá fẹ́ dín kù, kí a dín in kù lára àpótí, kì í ṣe lára dísìkì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kí ènìyàn ka RAID sí ẹ̀dà ìpamọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòjìji a máa ṣe ohun tí ẹni tó ni ín bá ṣe: bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fọ́dà kan rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ni yóò ti parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ DeadBolt wọ inú àwọn àpótí QNAP tí a ṣí sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri àgbáyé, wọ́n ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, wọ́n sì ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. RAID kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ni ọ̀rọ̀ náà, òun náà ni ìlànà 3-2-1 tí a sábà máa ń fi mọ ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, Peter Krogh, ń sọ: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn.

Ilé mìíràn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé cloud, ìyẹn ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti yanjú. Ó wúlò fún ìwé ìṣirò owó àti lẹ́tà, ṣùgbọ́n lórí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, tẹ́rábáìtì kan ṣoṣo yóò gba ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ kí ó tó gòkè tán láìdúró, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 wà lára wọn bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ́nu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Onífọ́tò tàbí ilé ìwé tó ní fáìlì ńlá yóò rí i pé hádì dísìkì kẹta ṣì ni ọ̀nà tó yá jù: NAS a da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí rẹ̀ lóru ọjọ́ Jímọ̀, a ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í pa, ìbátan kan a gbé e sínú báàgì, a wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 ní ibùdókọ̀ Agége, a sì fi í sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó tó gbé ti oṣù tó kọjá padà wá sí Mafoluku.